Kátúùṣì 14 nínú 50 kọ̀, wọn ò wọ ìbọn. Kí ni mo ṣe?

ỌmọKétu_Lyon (Ọjọ́ Ẹtì, 9:12 àárọ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Kétu ni mo wà báyìí, ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi níbi iṣẹ́. Iwájú ilé bàbá mi, kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ni mo jókòó sí tí mo ń tẹ èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbà mí lọ́kàn kì í ṣe ti ilé. Lyon ni mo rò pé mo fi í sí, ó bá mi wọ bàálù.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sí àmì lọ́hùn-ún. Ìwé àṣẹ mi pé. .308 Winchester ni ìbọn mi, èyí tí à ń fi ọwọ́ fà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Owó kátúùṣì tuntun ló lé mi dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ti ara mi dì láti ọdún tó kọjá.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú: kátúùṣì ni mo ń pe odidi rẹ̀, ọta ni orí tó ń fò lọ nìkan. Bí ìbọn bá ti dún, ọta ti lọ, ẹ̀tù ti jó, ìkarahun idẹ ló máa ń kù sílẹ̀. Òun ni a ń fọ̀, tí a ń fi òróró díẹ̀ pa, tí a ń tẹ̀ wọ inú irin oníhò kan tí wọ́n ń pè ní dáì kó lè padà sí ìwọ̀n rẹ̀, nítorí iná ẹ̀tù ti mú kó wú. Lẹ́yìn náà ni a máa fi àmọ́ọ̀sì tuntun, ohun kékeré tó ń ta iná sí ẹ̀tù, sí i nídìí, a máa da ẹ̀tù sí i, a sì máa fi dáì kejì ti ọta bọ ọrùn rẹ̀.

Mo ṣe 50. 36 wọlé wẹ́rẹ́. 14 wọlé tán pátá àyàfi bíi ìbú èékánná, ọwọ́ ìbọn, irin tí à ń fà láti fi ti kátúùṣì wọlé, kò sì tì wálẹ̀ mọ́. Mi ò fipá tì í. Mo wọn gígùn wọn láti ìdí dé ṣóńṣó ọta: 70.9 sí 71.2 mìlímítà. Ìwé ní kò gbọdọ̀ ju 71.12 lọ. Mo ní áà, ọta ló yọrí jù. Mo dá àwọn 14 náà padà sínú dáì, mo tẹ ọta wọn wọlé sí i. Ó tún wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ!

Fọ́tò mẹ́rin wà nísàlẹ̀. Ẹ má sì bi mí bóyá mo kó kátúùṣì wọ bàálù o. Fọ́tò àti ìwé ìkọ̀wé mi ló bá mi wá sílé, ohun tó kù wà nínú àpótí irin tí mo tì pa.

BàbáỌdẹ_Kétu (Ọjọ́ Ẹtì, 10:40 àárọ̀)

Ọmọ mi, káàbọ̀. O dé láti ọjọ́ mélòó kan, o ò tíì yà wò mí, ìbọn lo wá ń sọ lórí fóònù. Kò burú.

Èmi kò mọ ìbọn ẹlẹ́nu tóóró tìrẹ yẹn. Kalíbà 12 ni tèmi láti ìgbà tí mo ti jáwọ́ nínú ṣakabùlà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ọ́ yìí, mo rí irú rẹ̀ nígbà tí kátúùṣì ṣì jẹ́ oníbébà. Tí òjò bá pa á nínú àpò ọdẹ, bébà á mu omi, á wú, kò ní wọ ẹnu ìbọn mọ́. A máa ń sá a sóòrùn, ìyẹn gan-an kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ẹni tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọlé, inú igbó ló máa sùn, torí kò ní yọ jáde mọ́. Ọ̀yà á máa wò ó.

Ṣé òjò ò bá tìrẹ?

ỌmọKétu_Lyon (Ọjọ́ Ẹtì, 10:58 àárọ̀)

Bàbá, ẹ má bínú, mò ń bọ̀ wá kí yín lálẹ́ òní. Òjò kò bá a, idẹ ni gbogbo ara rẹ̀, inú ilé ló sì wà.

ỌmọṢábẹ_Texas (Ọjọ́ Ẹtì, 3:05 ọ̀sán)

Àbúrò, ẹ kú ìsinmi. Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń tún kátúùṣì dì níhìn-ín, kò sí àṣìṣe tí mi ò tíì ṣe nínú rẹ̀, nítorí náà má tijú.

Ohun kan hàn sí mi: kì í ṣe pé ọta yọrí jù. Tó bá jẹ́ pé orí ọta ló ń kan àwọn ilà yíyí inú ọ̀pá ìbọn, bí o ṣe tẹ̀ ẹ́ wọlé sí i, ó yẹ kó dẹ̀. Ìwọ tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó le sí i. Ara ìkarahun ló ń há, kì í ṣe orí ọta.

Mo fẹ́ kó o dá mi lóhùn lórí ìwọ̀nyí. Lẹ́yìn tó o ti tẹ ìkarahun tán, kó o tó fi ọta sí i, ṣé o fi òfìfo rẹ̀ wọ ìbọn wò? Ṣé irú ìkarahun kan náà ni gbogbo 50? Báwo ni gígùn ìkarahun nìkan ṣe rí, láìka ọta? Nígbà tó o ń tẹ ọta wọlé lẹ́ẹ̀kejì, kí lo yí gan-an: ṣé odidi dáì ni, àbí ọ̀pá kékeré tó wà lórí rẹ̀?

ỌmọKétu_Lyon (Ọjọ́ Ẹtì, 6:21 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo fi òfìfo márùn-ún wò, gbogbo wọn wọlé. 31 jẹ́ tèmi, tí mo ra ní tuntun tí mo sì ti yìn láti inú ìbọn kan náà. 19 yòókù, ilẹ̀ pápá tí a ti ń yìnbọn ni mo ti ṣà wọ́n, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ti ológun, mo rí àmì rẹ̀ nídìí wọn.

Gígùn ìkarahun nìkan, mi ò wọ̀n ọ́n.

Ohun tí mo yí, odidi dáì ni. Mo ní tí mo bá ti yí i wálẹ̀, ọta á wọlé sí i. Ó sì wọlé.

Akéwì_Pọbẹ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

«Mi ò wọ̀n ọ́n.» Ẹni tó ń ránṣọ tí kò ní téèpù 😂

Túnà_Wàndó (Ọjọ́ Ẹtì, 8:47 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ gbogbo ilé. Èmi kò gbá ìbọn mú rí láyé mi, Àjàṣẹ́ ni mo wà, iṣẹ́ túnà ni mò ń ṣe, irin ni mò ń gé lójoojúmọ́ lẹ́bàá ọjà Wàndó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nínú fọ́tò kẹta, kí àwọn tó mọ ìbọn wá tún un ṣe.

Ẹ fẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ìkarahun yẹn ní ìdí, ó ní ara, ó ní èjìká níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tóóró, ó ní ọrùn, ó ní ẹnu. Méjì ló wà nínú fọ́tò náà: lára èyí tó wà lápá òsì, níbi tí èjìká ti pàdé ara, ìmọ́lẹ̀ ń tàn yí i ká bí òrùka. Èyí tó wà lápá ọ̀tún kò ní in. Òrùka yẹn kì í ṣe àwọ̀, wíwú ni. Ìkarahun òsì ti tẹ̀ díẹ̀, èjìká rẹ̀ ti yọ síta. Ojú lásán kò ní rí i, àyàfi tí iná bá tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí iná fèrèsé yìí ṣe ṣe.

Kí ló tẹ̀ ẹ́? Mo wá àwòrán dáì yẹn, mo rí i pé inú rẹ̀ ní igun kékeré kan lókè. Ẹ̀gbọ́n Texas, ẹ máa sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n lójú túnà, igun yẹn dà bí ibi ìdúró. Ẹnu ìkarahun tó bá gùn ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ló máa kọ́kọ́ kàn án. Tó bá ti kàn án, kò sí ibi tó máa gbà mọ́, ọta sì wà lọ́rùn rẹ̀, ọrùn kò lè súnkì. Ọwọ́ ẹ̀rọ ṣì ń tẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Agbára yẹn gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Ìdí nípọn, ara dúró ṣinṣin. Èjìká ni idẹ rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó sì dagun, èjìká ló máa yẹ̀. Bí ẹni tó ru kẹ̀ǹgbè tó kún tí wọ́n tún wá ń tẹ̀ ẹ́ lórí.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi yọ̀ǹda tí àwọn kan kọ̀. Dáì dúró lójú kan, gígùn ìkarahun kò dọ́gba. Èyí tó kúrú kò dé igun yẹn, èyí tó gùn dé ibẹ̀ ó sì tẹ̀. Nígbà tó o tún wá yí odidi dáì wálẹ̀, igun yẹn ló o gbé sún mọ́ wọn sí i.

Ọ̀nà láti mọ̀ bóyá irọ́ ni mò ń pa: fi máákà dúdú kun ara kátúùṣì kan nínú àwọn tó kọ̀, láti ẹnu dé ìdí, jẹ́ kó gbẹ, fi wọ ìbọn jẹ́jẹ́, yọ ọ́, kó o wo ibi tí máákà ti họ. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, báyìí la ṣe ń wá ibi tí irin méjì ti ń há ara wọn.

ỌmọṢábẹ_Texas (Ọjọ́ Ẹtì, 11:33 alẹ́)

Ẹ wo ẹni tó ní òun ò gbá ìbọn mú rí! Gbogbo ohun tí túnà wí, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Iṣẹ́ igun yẹn ni pé kó tẹ ẹnu ìkarahun mọ́ ara ọta, kí ọta má baà sún. Ó wúlò fún ìbọn tó ń yìn léraléra àti fún ọta tó ní kòtò yíká ara. Ìbọn tìẹ tí à ń fi ọwọ́ fà, pẹ̀lú ọta tí kò ní kòtò, kò nílò rẹ̀ rárá. Ọrùn tó dì í mú ti tó.

Bó ṣe yẹ kó o tò ó nìyí. Fi ìkarahun òfìfo kan sórí ẹ̀rọ, gbé e dé òkè pátápátá. Fi ọwọ́ yí dáì wálẹ̀ títí tí wàá fi mọ̀ ọ́n lára pé ó kan ẹnu ìkarahun. Dúró níbẹ̀. Wá yí i padà sókè ní odidi ìyí kan, kó o ti òrùka tó ń dì í mú pa. Láti ìgbà náà lọ, má fọwọ́ kan dáì mọ́: ọ̀pá kékeré tó wà lórí rẹ̀ ni wàá máa yí tó o bá fẹ́ kí ọta wọlé tàbí kó yọ síta.

Ní ti gígùn: ìkarahun .308 kò gbọdọ̀ ju 51.18 mìlímítà lọ. Tó bá ti ń sún mọ́ ọn, gé e padà sí 50.93, kó o wá fá ẹnu rẹ̀ nínú àti lóde. Gbogbo ìgbà tí a bá yìn ín tí a sì tún tẹ̀ ẹ́ ló máa ń gùn sí i díẹ̀, idẹ ń ṣàn lọ síwájú. Èyí tó o ṣà ní pápá, ta ló mọ iye ìgbà tí wọ́n ti yìn ín?

Wàyí o, àbúrò, gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe àwọn 14 yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Wọn ò wọlé, wọn ò lè pa ẹnikẹ́ni. Àwọn 36 tó wọlé ni mò ń bẹ̀rù. Ìkarahun tó gùn jù lè má wú léjìká, kó wọlé, kí ẹnu rẹ̀ wá lọ há sí òpin ilé ọta, ihò inú ìbọn tí kátúùṣì ń wọ̀, níbi tí ọ̀pá ìbọn ti ń tóóró. Tí ẹ̀tù bá jó, ó yẹ kí ọrùn ṣí kó ju ọta sílẹ̀. Tí ẹnu rẹ̀ bá ti há, kò ní lè ṣí, agbára inú rẹ̀ á sì ga ju ohun tí wọ́n ṣe ìbọn yẹn fún. Èyí kì í ṣe àwàdà. Ṣé o ti yìn nínú wọn?

ỌmọKétu_Lyon (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:02 àárọ̀)

Mi ò sùn dáadáa lẹ́yìn tí mo ka èyí.

Mo ti yìn 10. Mo wo ìwé ìkọ̀wé mi: níbi kẹfà àti kẹsàn-án mo kọ «ọwọ́ ìbọn wúwo díẹ̀ ní ṣíṣí». Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo nu ìbọn, mo ń bá a lọ.

26 ló kù nínú àwọn tó wọlé. Wọn ò ní kúrò nínú àpótí.

BàbáỌdẹ_Kétu (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:20 àárọ̀)

O jẹun lọ́dọ̀ mi lánàá, o ò sọ èyí fún mi.

Alábòójútó (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:15 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, mo yọ èsì kan kúrò tó béèrè iye ẹ̀tù tí wọ́n ń dà sí i. A kì í kọ ìwọ̀n ẹ̀tù síbí, ìwé tí ẹni tó ṣe ẹ̀tù tẹ̀ jáde nìkan ni ká ti wò ó. Ẹni tó bá wà nílé níbí tó sì ń rò ó láti dán an wò láìgba àṣẹ, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, ẹ má dá a lé ìjíròrò yìí. Ẹ máa bá ti ìkarahun lọ.

Ọmọ_Ògúndélé (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:50 ọ̀sán)

Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni mo ti wá, ní Ṣakẹ́tẹ́. Mo fẹ́ sọ nípa idẹ, nítorí gbogbo yín ń sọ nípa ìwọ̀n, kò sí ẹni tó bi idẹ léèrè bó ṣe wà.

Nínú ọ̀nà ọgọ́rùn-ún idẹ ìkarahun, ọ̀nà 70 jẹ́ bàbà, ọ̀nà 30 jẹ́ síǹkì. Tí wọ́n bá ń lù ú tàbí tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní tútù, ó máa ń le. Ẹni tó bá ti ń rọ ẹ̀gbà idẹ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: ìlù àkọ́kọ́ rọ̀, ìlù ogún ń ta padà sí ọ. Ìkarahun tí wọ́n ti yìn tí wọ́n ti tẹ̀ léraléra, ọrùn àti èjìká rẹ̀ ti le. Wàá tì í sínú dáì, á gbà fún ọ, bó bá ti jáde á ta padà sí bó ṣe wà. Ẹnìkan á ní «mo ti tẹ̀ ẹ́ o», idẹ á ní rárá. Nígbà tó bá yá, ọrùn á là.

Iná ló ń rọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọrùn àti èjìká nìkan ni iná gbọ́dọ̀ kàn, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Iná kò gbọdọ̀ dé ìdí. Tí ìdí bá rọ̀, ìkarahun yẹn di ìdọ̀tí, torí ìdí ló ń di agbára ẹ̀tù mú lẹ́yìn, lójú ẹni tó ń yìn ín. Bàbá mi ń wo àwọ̀ ara idẹ nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn òyìnbó ní ọ̀dà kan tí wọ́n ń fi kùn ún, tó máa ń yọ́ tí ooru bá tó ìwọ̀n. Ẹ lo tiwọn, ẹ má lo ti bàbá mi.

Ohun kejì: kí lo fi ń fọ̀ wọ́n? Ọṣẹ idẹ kan wà lọ́jà tó ní àmóníà nínú, tí òórùn rẹ̀ máa ń ta sí imú. Má fi í kan ìkarahun. Àmóníà máa ń wọ inú idẹ tí wọ́n ti tẹ̀ ní tútù, á mú kó là láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, àwọn ológun máa ń tọ́jú kátúùṣì sí ilé ẹṣin ní àsìkò òjò. Ìtọ̀ ẹṣin ló ń gbé àmóníà jáde. Nígbà tí òjò bá dá, wọ́n á bá ìkarahun tó ti là lọ́rùn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹṣin ni.

Akéwì_Pọbẹ́ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:04 ọ̀sán)

Bàbá Ọdẹ, ibo lẹ ń so ewúrẹ́ yín mọ́?

BàbáỌdẹ_Kétu (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:31 ọ̀sán)

Ẹ̀yìn yàrá tí kátúùṣì wà. Mo ti ní kí ọmọ kan lọ tú u.

ỌmọKétu_Lyon (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:40 ìrọ̀lẹ́)

Omi gbígbóná, ọṣẹ àwo àti ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, mo sì máa ń sá a kó gbẹ. Kò sí àmóníà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Texas, ó ku ohun kan tó ń dà mí láàmú. Lára ọta gbogbo, bóyá nínú 14 o, bóyá nínú 36, òrùka kan wà yíká ibi tó ti ń ṣe ṣóńṣó, bí ìgbà tí wọ́n fi ẹnu kọ́ọ̀bù tẹ̀ ẹ́. Gígùn gbogbo kátúùṣì sì yàtọ̀ síra ní 0.3 mìlímítà, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kan ọ̀pá kékeré náà. Ṣé dáì yẹn náà ló ṣe é?

ỌmọṢábẹ_Texas (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:19 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, má pa wọ́n pọ̀.

Òrùka: ẹnu ọ̀pá kékeré náà ni kò bá orí ọta rẹ mu. Ọ̀pá tí wọ́n gbẹ́ fún ọta olórí rìbìtì lo ń fi tẹ ọta olórí ṣóńṣó. Etí rẹ̀ nìkan ló ń kan ọta, inú rẹ̀ kò kàn án. Àwọn tó ń ta dáì ń ta ọ̀pá mìíràn. Bí ọrùn bá di ọta mú jù, òrùka náà á jinlẹ̀ sí i, torí agbára tó o fi ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Nítorí náà ìkarahun líle tí alágbẹ̀dẹ sọ tún wọ inú ọ̀rọ̀ yìí.

0.3: ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Ṣóńṣó ọta kì í dọ́gba láti ilé iṣẹ́, pàápàá èyí tí òjé rẹ̀ yọ sórí. Dáì kò sì fi ṣóńṣó tẹ ọta, ibi tó sanra ní ìsàlẹ̀ ṣóńṣó ló ń tì. Tó o bá ń wọn ṣóńṣó, ohun tí dáì kò fọwọ́ kàn lo ń wọ̀n. Ra irin kékeré oníhò kan tí à ń so mọ́ pied à coulisse, irin ìwọ̀n tí ń sún lọ sún bọ̀ yẹn, kó o máa wọ̀n láti ìdí dé ibi tó sanra. Wàá rí i pé 0.3 rẹ á kéré gan-an.

Kátúùṣì tó wà nínú àpótí: gbogbo 40, 14 àti 26, tú wọn ká. Irinṣẹ́ kan wà tó dà bí òòlù, wàá fi kátúùṣì sínú orí rẹ̀, wàá lù ú mọ́ igi, ọta àti ẹ̀tù á já bọ́ sínú rẹ̀. Wọ gíláàsì ojú. Má fi òòlù gidi kan kátúùṣì láé. Ìkarahun tó ti wú léjìká, jù ú nù, àmọ́ọ̀sì tó wà nídìí rẹ̀, bi ẹgbẹ́ rẹ bí wọ́n ṣe ń kó o dànù níbẹ̀. 14 kò tó iye tó o san fún tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

Túnà_Wàndó (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:50 alẹ́)

Kó o tó jù wọ́n nù, wọ̀n wọ́n. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo pa irọ́.

ỌmọKétu_Lyon (ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, 4:25 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti padà sí Lyon. Ẹ ṣeun fún sùúrù. Mo wọn gbogbo rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, mo ṣí fèrèsé, mo pa tẹlifíṣọ̀n.

Mo kọ́kọ́ fi máákà kun mẹ́ta nínú àwọn 14. Méjì họ níbi tí èjìká ti pàdé ara gẹ́lẹ́, yíká, bí túnà ṣe wí. Ẹ̀kẹta kò họ níbẹ̀ rárá, ibi tó ti họ ga sókè díẹ̀, lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ èjìká náà. Mo ní ó dáa, òun wo tún rèé?

Mo wá wọn gbogbo 14 níbi tí èjìká ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ní 11.53 mìlímítà. Àwọn 11 wà láàárín 11.60 sí 11.66. Ìyẹn ni òrùka túnà. Gbogbo 11 ló gùn ju 51.18 lọ, èyí tó gùn jù lọ jẹ́ 51.34, mẹ́sàn-án nínú wọn ló wá láti pápá.

Mẹ́ta yòókù kò wú. Gígùn wọn dáa, 51.0 sí 51.1. Ti ológun ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èjìká wọn ni kò padà sẹ́yìn tó nígbà tí mo tẹ̀ wọ́n, ó ta padà bí Ọmọ Ògúndélé ṣe wí. Òfìfo márùn-ún tí mo fi wò, tèmi ni gbogbo wọn, mi ò fi ti pápá kan ṣoṣo wò. Àṣìṣe tèmi nìyẹn.

Wàyí o, 26. Mẹ́rin nínú wọn gùn ju 51.18 lọ. Wọn ò wú, wọ́n wọlé, mi ò bá sì ti yìn wọ́n. Mo wá wo ìkarahun kẹfà àti kẹsàn-án tí mo ti yìn: àmọ́ọ̀sì wọn tẹ́ pẹrẹsẹ ju ti àwọn yòókù, àmì pé agbára inú wọn ga jù, ó sì hàn gbangba. Mo gbé wọn sórí tábìlì, mo ń wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀.

Mo tú gbogbo 40 ká.

ỌmọṢábẹ_Texas (Ọjọ́ Àìkú, 5:02 ìrọ̀lẹ́)

A dúpẹ́. Wá sọ èyí tó o tún ṣe.

ỌmọKétu_Lyon (Ọjọ́ Àìkú, 6:10 ìrọ̀lẹ́)

Mo jù ti pápá nù gbogbo wọn, ọkàn mi ò gbà á mọ́. Mo mú 20 nínú tèmi, mo tẹ̀ wọ́n, mo gé gbogbo wọn sí 50.93, mo fá ẹnu wọn. Mo tò dáì bí ẹ ṣe wí, ìyí kan sókè. Mo fi gbogbo 20 òfìfo wọ ìbọn kí n tó da ohunkóhun sí i: wọ́n wọlé, wọ́n jáde.

Nígbà tí mo ń fi ọta sí i, 18 lọ jẹ́jẹ́. Méjì le lọ́wọ́ mi, mo dúró. Fọ́nrán bàbà tín-ínrín yọ láti ara ọta yíká ẹnu wọn, bí èèpo ìreke. Mo wo àwọn méjì náà, mi ò fá ẹnu wọn nínú, òde nìkan ni mo fá. Iye tí mo ń kà ló dàrú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó mi pè mí wá jẹun.

18 wọ ìbọn. Lánàá mo lọ pápá, ọwọ́ ìbọn ṣí wẹ́rẹ́ ní gbogbo 18.

Túnà_Wàndó (Ọjọ́ Àìkú, 7:33 alẹ́)

11 nínú 14. Mo gbà.

Mo ní nǹkan kan láti sọ. Tó o bá kọ gbogbo ìwọ̀n ilé ọta yẹn fún mi, èjìká, ọrùn, ara, ìdí, bó ṣe wà nínú ìwé, mo lè gbẹ́ irin kan fún ọ tó ní ihò bí ilé ọta gẹ́lẹ́. Wàá máa ju kátúùṣì sínú rẹ̀ lórí tábìlì. Tó bá wọlé tí ìdí rẹ̀ sì bá ojú irin dọ́gba, ó dáa. Tó bá yọ sókè, o ò ní gbé e dé ìdí ìbọn rárá. Ìwọ̀n nìkan ni kó o fi ránṣẹ́ o, má fi ìkarahun rán ẹnikẹ́ni sí mi ní Àjàṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wá bi mí ní ohun tí mi ò mọ̀.

ỌmọKétu_Lyon (Ọjọ́ Àìkú, 7:41 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Wọ́n ń ta irú rẹ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n tiyín ni mo fẹ́. Èló ni?

Túnà_Wàndó (Ọjọ́ Àìkú, 7:44 alẹ́)

Irin rẹ̀ 6,000 fráǹkì. Iṣẹ́ ọwọ́ mi, tó o bá tún wálé, wá Àjàṣẹ́ wá jẹun.

BàbáỌdẹ_Kétu (Ọjọ́ Àìkú, 8:15 alẹ́)

Túnà, irú irin yẹn, ṣé o lè gbẹ́ ti kalíbà 12? Kátúùṣì mẹ́fà kan wà níbí tí mi ò mọ̀ bóyá ìtọ̀ ewúrẹ́ ti dé ara wọn.

Ọmọ_Ògúndélé (Ọjọ́ Àìkú, 8:21 alẹ́)

Bàbá, irin kò lè sọ ìyẹn fún yín. Ẹ wo ìdí idẹ wọn lójú oòrùn, tí ẹ bá rí ilà tín-ínrín kan ṣoṣo, ẹ má fi sínú ìbọn. Mò ń kọjá Kétu ní Ọjọ́rú, màá yà wò wọ́n.

BàbáỌdẹ_Kétu (Ọjọ́ Àìkú, 8:24 alẹ́)

Mo ti fi awò ojú wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ojú mi yìí náà ti dàgbà. Máa bọ̀.